Ẹ̀yìn Wàláà, Ojú Gìtá

Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni ìṣó tó wà lára ògiri yìí ti wà lásán. Ẹ gbójú sókè, ẹ wò ó. Gìtá kékeré olókùn mẹ́jọ tó ń bẹ lórí rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti gbọ́njú, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó gbé e wà nínú ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́ ẹ jókòó síwájú mi yìí, mo sì ti mọ̀ ọ́n, nítorí pé ní ọjọ́ Sátidé, òórùn kọ́ọ̀lù ń jáde láti abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá kan nínú ilé yìí. Ẹni tó ti fi kọ́ọ̀lù lẹ igi mọ́ igi fún àádọ́ta ọdún kò lè ṣi òórùn yẹn mú. Ṣùgbọ́n mi ò ní bi ẹnikẹ́ni. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ lé àpótí yìí, orúnkún ń yọ mí lẹ́nu.

Kòtònú ìgbà èwe mi, iyanrìn ni. Láti ilé wa dé ọjà Missèbo, ẹsẹ̀ á máa rì dé kókósẹ̀, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ á sọ̀kalẹ̀ láti tì í. Kò sí zẹ́mì, ọ̀kadà akérò, tí yóò máa han mọ́ ènìyàn létí láti ìdájí. Fèrè ọkọ̀ ojú irin ló ń jí wa, bó bá sì ti dákẹ́, ohùn àwọn ọmọ kéwú á gba ọ̀ọ̀dẹ̀ bàbá mi kan. Wọ́n á tó ogún, oníkálukú ń ké ti ẹ̀, síbẹ̀ bí ẹnì kan bá ṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè, bàbá mi á ti gbọ́. Àfáà Ṣakété làwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí pé láti Ṣakété ló ti wá. Ọwọ́ rẹ̀ kì í dákẹ́. Bí àwọn ọmọ bá ti ń ké, á máa fi ìka lu ìdí àga rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo rò pé ó ń ka iye ẹni tí yóò jẹ pàṣán ni.

Ẹ̀yin ò mọ wàláà. Ẹ ti rí i nínú àwòrán, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ̀ ọ́n. Pákó pẹlẹbẹ tó ní ọrùn kékeré lókè ni, orí rẹ̀ la ti ń kọ́ kéwú. Èédú ìdí ìkòkò la fi ń po tàdáwà tí a fi ń kọ̀wé, ara esùsú la ti ń gé kálámù. Bí ọmọ bá ti mọ ohun tí a kọ fún un lórí, a ó fọ wàláà náà, a ó sì kọ òmíràn. Omi tí a fi fọ̀ ọ́, a kì í dà á sílẹ̀ bí omi ìfọṣọ. Àwọn kan á mu ún, ìyókù a dà á sí ìdí ìbẹ́pẹ kan tó wà lẹ́yìnkùlé. Kò sí ìbẹ́pẹ tó dùn tó o ní gbogbo àdúgbò, àwa ọmọ sì máa ń sọ pé ìbẹ́pẹ náà ti há Kùránì tán, ó ku kí ó máa pe ìrun. Lónìí, àtàńpàkò lẹ fi ń ṣí ojú ìwé lórí fóònù. Ó yá, ó mọ́, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fọ nǹkan kan mọ́.

Wàláà kan wà tí kì í ṣe ti ojoojúmọ́. Òun ló wà nínú àpótí mi dòní olónìí. Bàbá bàbá mi ló gbẹ́ ẹ láti ara igi ọmọ̀ ní Ṣakété, ó sì ń gbé ní ògiri ìgbèrí bàbá mi. Ọmọ ilé wa tó bá ka Kùránì já, orí wàláà yìí ni a ó kọ ẹsẹ ìkẹyìn sí fún un, òun ni yóò sì gbé dání lójú gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ wòlímọ̀tì rẹ̀. Èmi náà gbé e. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, ẹ̀rù ń bà mí, ìka mi sì kàn án. Pákó náà dáhùn. Ó dún kedere, ó dún pẹ́. Mo yí i padà láti wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àmì ayùn nìkan ni mo rí níbẹ̀, tí ẹnì kan ti fá dídán. Mo rò pé bí bàbá àgbà ṣe gbẹ́ ẹ nìyẹn. Mi ò rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo dàgbà, mo kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, pátírọ̀ọ̀nù là ń pè é, ní àdúgbò Ganhi. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé la ń ṣe fún àwọn ilé ìtajà. Ní ọjọ́ kan, atukọ̀ ojú òkun kan gbé gìtá kékeré kan wá tí ọrùn rẹ̀ ti kán. Ó ní ukulélé lorúkọ rẹ̀. Mo ti rí gìtá rí, ṣùgbọ́n èyí kò ju apá ọmọdé lọ, okùn mẹ́jọ ló sì ní, méjì méjì, tí méjèèjì ń sọ ohùn kan náà. Pátírọ̀ọ̀nù mi ní kí n tún un ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tún un ṣe, mo sì fi ọ̀wá ọ̀pẹ kan wọ̀n ọ́n látòkè délẹ̀: mo gé àmì sí i fún gígùn ọrùn, fún ìbàdí, fún ibi tí irin tó ń pààlà ohùn kọ̀ọ̀kan dúró sí. Atukọ̀ náà gba gìtá rẹ̀ lọ. Ọ̀wá ọ̀pẹ kù sí mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra nǹkan, ẹ ó tẹ fóònù, wọn ó gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà. Àwa, bí a bá fẹ́ nǹkan, a ó máa rìn kiri pẹ̀lú ojú ni. Pákó àpótí ẹrù tí wọ́n tú ní èbúté ni mo fi ṣe ẹ̀gbẹ́ gìtá tèmi tí mo fẹ́ kàn. Ìkòkò ìyá mi ni mo ti sè é kí ó lè tẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ọbẹ̀ ilé wa sì fi ń rùn bí ìdí ọkọ̀ òkun. Àjẹkù ìrókò ni ọrùn. Igi gúrọ́fà ni mo fi gbẹ́ èèkàn mẹ́jọ. Wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ti jẹrà ni irin ọrùn, okùn ìpẹja ni mo sì gbà lọ́wọ́ àwọn Ẹ̀gùn apẹja létí ọ̀sà, tínrín àti nípọn. Mo lẹ igi kékeré tó ń gbé okùn sókè mọ́ ojú gìtá, mo na okùn, mo ń yí èèkàn. Mo gbàgbé pé okùn mẹ́jọ kì í ṣe okùn mẹ́rin. Ohun tí mẹ́rin fà, mẹ́jọ fà á ní ìlọ́po méjì. Igi náà ṣí kúrò pàà, ó fò kọjá orí mi, ó sì bọ́ sínú gàrí tí pátírọ̀ọ̀nù mi ń mu lọ́wọ́. Ó yọ ọ́ jáde, ó lá a, ó ní, bí mo bá fẹ́ fi igi sí gàrí òun, kí n máa rántí iyọ̀.

Láti ọjọ́ náà, mo fi òye kún un. Mi ò so okùn mọ́ igi yẹn mọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n gba orí rẹ̀ kọjá, mo sì so ìdí wọn mọ́ irin tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí tó fi ń padé, èyí tí mo kàn mọ́ ìdí gìtá. Ó dúró. Ṣùgbọ́n ohùn kò sí. Pákó pẹlẹbẹ inú àpótí ẹrù ni mo fi ṣe ojú rẹ̀, ó ń dún bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Mo tú u, mo fi òmíràn sí i, bákan náà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Igi Kòtònú kì í gbẹ, ọ̀sà níwájú, òkun lẹ́yìn. Mo ń wá igi tó fúyẹ́, tó ti gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì mọ orin. Etí mi rántí ọ̀kan kí orí mi tó gbà fún un.

Bàbá mi lọ sí ìsọmọlórúkọ ní Pobè, ọjọ́ méjì ni yóò lò. Mo gbé wàláà ìgbèrí rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo bá ara mi sọ ọ́ pé mi ò ní fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ojú ni a ń kọ̀wé sí, ẹ̀yìn kàn wà níbẹ̀ ni. Mo fi ayùn là á láti ẹ̀yìn, mo yọ abala kan tó tín-ín-rín. Mo fá ìyókù, mo fi eérú àti àdín pa á lára kí ó lè jọ ti tẹ́lẹ̀, mo sì gbé e padà sórí ògiri. Ẹni tó bá wò ó lókèèrè, kò ní mọ̀. Abala tí mo yọ di ojú gìtá mi. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ tí mo fi ìka kan okùn mẹ́jọ náà, omi bọ́ lójú mi. Ó dùn tó bẹ́ẹ̀, ìtìjú sì mú mi tó bẹ́ẹ̀.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì la jọ ń ṣeré kiri. Ọ̀kan ń fi ṣíbí lu ìgò, ọ̀kan ń kọrin, èmi ń ta okùn mẹ́jọ. Ní ọjọ́ Iléyá, wọ́n á ní kí a wá, wọ́n á fún wa ní ẹran títí a ó fi máa dọ́gbọ́n sá. Bàbá mi kọjá lẹ́ẹ̀kan níbi tí a ti ń ṣeré. Ó dúró, ó tẹ́tí, ó mi orí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Jìnnìjìnnì bò mí títí oúnjẹ alẹ́.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ tó oṣù márùn-ún. Ọyẹ́ dé. Ní òwúrọ̀ kan mo wọlé láti kí bàbá mi, mo gbójú sókè, mo rí i pé wàláà náà ti ká. Ojú rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú bí àwo ọbẹ̀. Bí mo ti jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tó, n kò rò ó: ojú pákó náà ti ń mu omi fún ọgọ́ta ọdún, ó sì ti ń fẹ́ súnkì, sísanra ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ń dá a dúró. Èmi sì ti gé ẹ̀yìn náà kúrò.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló sì kù sí wòlímọ̀tì àbúrò mi, Ràmọ́tù. Òun lobìnrin àkọ́kọ́ nílé wa tó máa ka Kùránì já. Àwọn ará Kétu tí ọmọ wọn fẹ́ fẹ́ ẹ ń bọ̀. Mo ti ń rí i lọ́kàn mi: bàbá mi yóò gbé pákó kíká yẹn lé itan, yóò ti kálámù bọ tàdáwà, tàdáwà yóò máa ṣàn lọ sínú kòtò, ìwé yóò dàrú, ọmọ náà yóò sì dúró lójú ayé pẹ̀lú wàláà tó dọ̀tí. Inú àpótí ni aṣọ funfun tí yóò wọ̀ wà, ó máa ń yọ ọ́ wò lójoojúmọ́. Bí ó bá ti yọ ọ́, èmi a jáde.

Kàkà kí n jẹ́wọ́, mo lọ sí Ṣakété láti wá igi ọmọ̀ tí mo lè fi gbẹ́ ayédèrú. Igi wà, ṣùgbọ́n tútù ni. Èyí tí a bá gé lónìí, ó di ọdún mẹ́ta kí ó tó gbẹ. Mo padà sí Kòtònú lọ́wọ́ òfìfo, mo ti pinnu pé n óò kó ẹrù mi lọ sí Èkó kí ọjọ́ náà tó pé.

Bí mo ṣe ń wọlé ni mo rí bàbá mi lórí awọ àgbò rẹ̀ lábẹ́ ìbẹ́pẹ, wàláà wà lórí itan rẹ̀, igbá omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń fọ ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹní ń wẹ ọmọ tuntun. Ìyá mi sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí mo ti lọ ló ti ń fọ̀ ọ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tó sì ń fi í sí ibòji. Mo sún mọ́ ọn. Wàláà náà ti tẹ́. Omi tó wọ ojú rẹ̀ ti mú un wú padà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí mo bá dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà láyà mi ti wúwo ju ohun tí mo lè gbé lọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn. "Bàbá, èmi ni mo gé e."

Kò dáwọ́ dúró. "O gé kí ni?"

"Ẹ̀yìn wàláà. Òun ni mo fi ṣe ojú gìtá mi."

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò fọwọ́ kan ojú rẹ̀."

Ó gbé wàláà sílẹ̀, ó ní kí n lọ gbé gìtá náà wá. Mo gbé e wá. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ kí ó tó gbà á. Ó fi ìka kan ojú rẹ̀, ó gbé e sétí, ó tún kàn án. Ó bi mí pé kí ló dé tí okùn fi jẹ́ mẹ́jọ, ṣé mẹ́rin ò tó? Mo ní méjì méjì ni wọ́n, wọ́n ń sọ ohun kan náà pa pọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá ṣe Àmín tí ọ̀kan fi díẹ̀ pẹ́ jù. Ó rẹ́rìn-ín ní imú. N kò rí i kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀," ó ní. "Dìde. Nígbà tí bàbá mi gbé wàláà yìí lé mi lọ́wọ́, ó nípọn ju báyìí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Àgídìgbo ni mo fi abala tí èmi gé ṣe."

Mo wò ó. Mo wo ìka rẹ̀. Àmì ayùn tí mo rí lẹ́yìn wàláà nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, tirẹ̀ ni. Ohun tó ń fi ìka lù nídìí àga láàárọ̀, kì í ṣe iye pàṣán. Ó sọ fún mi pé ọdún méje lòun fi fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún bàbá òun, pé bàbá òun kú kí òun tó rí ẹnu sọ ọ́, àti pé ìdí nìyẹn tí òun fi mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá dé, fífọ̀ ni pákó náà ń fẹ́. Ọyẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí òun gé tòun, ó ti ká lọ́wọ́ òun náà. Kò sí bí a ó ti ṣe ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́.

Ìyà tó fi jẹ mí nìyí: lẹ́yìn wòlímọ̀tì, èmi àti òun jọ lọ sí Ṣakété, a gbin igi ọmọ̀ méjì sẹ́yìn ilé, ọ̀kan fún ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, ọ̀kan fún tèmi. Ó ní òun gé e, èmi gé e, ẹni kẹta tó bá tún gé e, ihò ni yóò rí. Kí igi mìíràn wà fún ẹni náà.

Ràmọ́tù ka ìwé rẹ̀ já, ohùn rẹ̀ kò mì. Tàdáwà dúró síbi tí a kọ ọ́ sí, aṣọ funfun rẹ̀ kò ní àbàwọ́n. Nígbà tí àwọn ará Kétu jẹun tán, bàbá mi ní kí n gbé gìtá mi wá. Àwọn àgbà kan fajú ro. Mo ta á. Bàbá mi kò wò mí, iwájú ló ń wò, ṣùgbọ́n àtàńpàkò rẹ̀ méjèèjì ń lọ ń bọ̀ lórí itan rẹ̀, bí ẹni tó ń ta àgídìgbo. Láti ọjọ́ náà títí dòní, mi ò tún rántí ìgbà tí ọkàn mi fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ó ti tó báyìí. Ẹ wo Àbẹ̀kẹ́, ó ti dìde. Ọmọ tó ń lọ sí yunifásítì ní Calavi, tó ra gìtá olókùn mẹ́rin tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tó wá ń bi mí ní oṣù tó kọjá pé báwo ni mẹ́jọ ṣe ń dúró. Lọ gbé e wá, ọmọ mi. Má sáré.

Ẹ wò ó. Ojú gìtá ti là láàárín, Àbẹ̀kẹ́ sì ti fi kọ́ọ̀lù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó wí: ó ní òun fẹ́ wo inú rẹ̀ ni, kí òun lè wọn tòun. Ó ní òun kò lè sùn láti ọjọ́ Jímọ̀. Ó ń sunkún. Nu ojú rẹ, jàre. Ogún ọdún ni nǹkan yìí fi wà lórí ìṣó, tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbé e sọ̀kalẹ̀. Mo ti ń rò ó pé bí mo bá kú, wọn ó gbé e dà sí ààtàn pẹ̀lú bàtà mi. Ogún ọdún ni mo fi ń dúró de ẹni tí yóò bà á jẹ́.

Lílà ò ṣòro, a ó tún un ṣe. Èyí tí o fẹ́ kàn ńkọ́, kí lo fẹ́ fi ṣe ojú rẹ̀? O ò mọ̀. Wàláà kò gba ayùn mọ́, kò ku nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjì wó ọ̀kan nínú àwọn igi ọmọ̀ Ṣakété yẹn, èyí tó jẹ́ ti ẹ̀ṣẹ̀ tèmi, mo sì ní kí wọ́n là á sí pákó fún mi. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tó ti ń gbẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Lọ fà á jáde. Fi ìka kàn án kí o tó gbé e wá, kí àwa tó wà níhìn-ín lè gbọ́.